Wàláà Tí Wọ́n Fọ̀ Ṣáájú Àkókò

Ọdún tí ojú Bàbá Àáfà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú ni mo tó mọ̀ pé orí wà lọ́rùn mi. Kí ọdún náà tó dé, gbogbo agbo ilé ti gbà pé àgbá òfìfo ni mo ń gbé kiri. Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn ọmọ mi mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìyá wọn tó ti lọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó máa ń sọ pé bí òun bá fẹ́ gbọ́ ohùn ọkọ òun, àfi kí òun dárúkọ wàláà. Òótọ́ ló sọ. Bí mo bá ti rántí ọdún yẹn, ara mi kì í gbà á kí n jókòó. Títí di òní, bí mo bá rí ọmọ kan tó dijú, tó ń wá ọ̀rọ̀ kan nínú orí rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ náà sì fẹ́ jáde, àyà mi á máa lù bí ẹni pé èmi ni wọ́n bi.

Ilé wa kò jìnnà sí ọjà Ìpàta ní Ìlọrin. Ohùn ló ń jí wa níbẹ̀. Ladani á kọ́kọ́ pe ìrun Sùbúhì. Lẹ́yìn ìrun, Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, á sì máa fi oríkì kí olúkúlùkù bí ó ti ń kọjá lọ síbi kànga: tọkùnrin tobìnrin, ọmọ ilé àti ìyàwó ilé, àní ọmọ ọwọ́ tí kò tíì ní eyín. Kò fo ẹnikẹ́ni rí. Lẹ́yìn náà ni òfì àwọn ọkùnrin á bẹ̀rẹ̀ sí í dún lábẹ́ òrùlé ẹ̀gbẹ́ ilé, kàtà, kàtà, kàtà. Ní ọ̀ọ́kán, ọkọ̀ ojú irin tí àwọn òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wọ ìlú á ké, ajá gbogbo á sì dá a lóhùn. Òórùn mọ́sà tí ìyá mi ń dín sí òróró á wọlé. Ìgbà náà ni Bàbá Àáfà á wúkọ́ ní ìloro, gbogbo wa á sì sáré mú wàláà, nítorí ẹni tó bá pẹ́ á rí kòbókò. Bàbá Àáfà ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Òun ló ń kọ́ gbogbo ọmọ agbo ilé wa ní kéwú.

Bí a ṣe ń kọ́ kéwú nígbà náà rèé. Bàbá Àáfà á fi kálámù àti tàdáwà kọ ẹ̀kọ́ olúkúlùkù sí ojú wàláà rẹ̀, pátákó fẹ́ẹ́rẹ́ tó ní ọrùn bíi ti ìgò. A ó jókòó sórí ẹní, a ó máa mì síwá sẹ́yìn, a ó sì máa ké e ní ohùn kan náà, ojú wa lórí wàláà. Bí Bàbá Àáfà bá rí i pé ó ti wọ ọmọ lórí, á ní kí ó lọ fọ wàláà rẹ̀, kí òun lè kọ tuntun sí i. Ọjọ́ tí wọ́n bá ní kí ọmọ fọ wàláà, ọjọ́ ayọ̀ ni. Ìyá rẹ̀ á gbé igbá wá, á fi gba omi tàdáwà náà tí à ń pè ní hàntú, ọmọ á mu ún, wọn á sì ra wàrà fún un lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní. Ìsíákà, ọmọ Bàbá Àáfà, tí èmi àti ẹ̀ jọ jẹ́ ẹgbẹ́, ń fọ wàláà bí ẹni ń fọ àwo oúnjẹ. Tèmi dá dúró sójú kan. Ọyẹ́ dé, ọyẹ́ lọ, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ẹ̀kọ́ kan náà ló wà lójú wàláà mi.

“Sàádù,” Ìsíákà á ní, “ṣé o fẹ́ fẹ́ wàláà yẹn ni?”

Àwọn yòókù á dáhùn pé, “Wọ́n ti san ìdáná! Ó ku kí wọ́n gbé ìyàwó wá!”

Mi ò bínú sí wọn. Ẹ̀rín náà pa èmi fúnra mi. Ṣùgbọ́n bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Káún ló ń tà ní Ìpàta, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì dà bí ọjà rẹ̀, díẹ̀ ni, ó sì wúwo. Bí ìkórè iṣu bá dé lọ́dọọdún, ẹbí wa kan tí à ń pè ní Bàbá Malété máa ń da kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wá láti oko, á gbé iṣu wá fún wa, á sì mú ọmọkùnrin kan lọ tí yóò bá a ṣiṣẹ́. Ọmọ tó bá lọ kì í padà wá kọ́ kéwú mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí a ti ń jẹ tùwó, bàbá mi ṣan ọwọ́, ó ní, “Sàádù kò burú lọ́mọ. Kéwú ni orí rẹ̀ kò gbà. Ẹni tí kò mọ kálámù, kó mọ ọkọ́. Bàbá Malété ni yóò mú un lọ lọ́dún yìí.” Ìyá mi kúnlẹ̀ níbi tó wà, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú ọbẹ̀. Èmi nìkan ni ọmọ tó kù ú kù. “Bàbá Sàádù, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un láyè díẹ̀ sí i.” Bàbá mi wo inú àwo títí. “Bí ó bá lè ka súrà Tàbárákà tán lójú mi láìwo wàláà kí Bàbá Malété tó dé, ó di kí ó dúró,” ló wí. Kò sí ohun tó burú nínú oko. Iṣu tí à ń jẹ, oko ló ti wá. Ṣùgbọ́n ọmọdé tí mo jẹ́ ń bi ara rẹ̀ pé, bí mo bá lọ, ta ni yóò máa bá ìyá mi gbé igbá mọ́sà dé ìdí ọjà? Ta ni Ìyá Àgbà yóò máa fi oríkì mi kí ní Àjàní láàárọ̀?

Ìyá mi gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Bàbá Àáfà lọ, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣe ìsọ̀yè fún mi. Bàbá Àáfà ṣe é. Ó fi oyin pò ó. Mo lá a lẹ́yìn ìrun, lójú gbogbo wọn, mo lá ọwọ́ mi, mo sì wo inú àwo bóyá ó kù.

“Ṣé ó wọlé?” Bàbá Àáfà bèèrè.

“Ó wọlé, sà,” mo ní. “Ṣùgbọ́n ikùn ló ṣì wà.”

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín débi pé ìborùn rẹ̀ já bọ́. Bí Ìsíákà bá tún fọ wàláà, ìyá mi á bẹ ìyá rẹ̀, á gba díẹ̀ nínú hàntú rẹ̀, á ní kí n mu ún kí ti orí Ìsíákà lè kan orí tèmi. Mo mu hàntú Ìsíákà títí eyín mi fi dúdú. “Kéwú mi ti tán sí ọ níkùn,” Ìsíákà wí. “Lọ́jọ́ kan, bí ebi bá pa ọ́, ikùn rẹ á ké Yáásínì.”

Ojú Bàbá Àáfà ló yí ọ̀rọ̀ padà. Nǹkan kan bíi kùrukùru bo ẹyinjú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́dún yẹn. Kò fi han ẹnikẹ́ni lákọ̀ọ́kọ́. Nígbà tó yá, kò lè rí ohun tó wà lójú wàláà wa mọ́ àfi bó bá gbé e sún mọ́ imú. Nítorí náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dijú, ó sì ń tẹ́tí. Tẹ́lẹ̀, ojú ló fi ń kọ́ wa: ọmọ tó bá jókòó dáadáa, tó ń mì dáadáa, tí ẹnu rẹ̀ ń lọ, ó ti ń kọ́ ẹ̀kọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bí a ti ń ké lọ ní àárín Tàbárákà, ó ṣàdédé pàtẹ́wọ́ kan ṣoṣo. A dákẹ́. “Sàádù, kí ló kàn?” Mi ò mọ̀. Mo ti ń nawọ́ fún kòbókò. Ó bi ẹni tó tẹ̀ lé mi. Kò mọ̀. Ó bi gbogbo wọn yí ká, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó kàn. Ó wá kan Ìsíákà, ọmọ tirẹ̀, ògo ìloro. Ìsíákà gbójú sókè, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀ súrà pátápátá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kà á bọ̀, bí ẹni tó fẹ́ fo odò tó ní láti padà sẹ́yìn kí ó tó lè fò. Bàbá Àáfà tún pàtẹ́wọ́. “Mi ò ní kí o bẹ̀rẹ̀. Ibí yìí! Láti ibí yìí, kí ló kàn?” Ìsíákà la ẹnu, kò sí nǹkan tó jáde.

A dúró de ìjì. Ẹ̀rín ló bú jáde lẹ́nu bàbá náà. Ó bọ́ láwàní rẹ̀, ó fi lé orí eékún, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó rí ohun tó sọ nù. “Wọn ò mọ̀ ọ́n!” ló ń wí, kì í ṣe sí wa. “Láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ́ ọmọ, mo rò pé wọ́n mọ̀ ọ́n. Ohùn ara wọn ni wọ́n ń gùn lẹ́ṣin! Bí ẹṣin bá dúró, gbogbo wọn á jábọ́!” Ó ní ká lọ ṣeré. Àwa ò lọ. Ta ni yóò lọ ṣeré nígbà tí àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ ń ṣe bíi tiwa?

Ó dìde, ó fi ọwọ́ tọ ògiri lọ sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà, ìyá rẹ̀. Mo tẹ̀ lé e nítorí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dì mí léjìká mú bó bá ń rìn. “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, oríkì gbogbo wa yìí, báwo lẹ ṣe kọ́ ọ tí kò fi ń bọ́ lórí yín?”

“Ta ní ń kọ́ oríkì, Àkànó? Ọmọ ń kọjá, mo gbọ́dọ̀ kí i. Bí mi ò bá rántí, ojú á tì mí. Mo sì máa ń rántí.”

“Ẹ kì í ṣe àtúnkà rẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá nìkan wà?”

“Ṣé orí mi dà rú ni, tí n ó fi máa kí ẹni tí kò sí níbẹ̀?” Ó gbọn ìkarahun ẹ̀pà kúrò lẹ́sẹ̀. “Ọ̀nà tí a kò bá tọ̀, koríko ní í bò ó. Ẹsẹ̀ ní í la ọ̀nà, Àkànó. Ẹni tó jókòó tó ń wo ọ̀nà kò tíì là á.”

Mo rí i bí ètè Bàbá Àáfà ti ń tún un sọ: ẹni tó jókòó tó ń wo ọ̀nà.

Ní ọjọ́ kejì, ó pè mí síwájú. “Gbé wàláà rẹ, kí o lọ fọ̀ ọ́.” Mo rò pé n kò gbọ́ dáadáa. “Bàbá Àáfà, mi ò tíì mọ̀ ọ́n.” “Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o lọ fọ̀ ọ́,” ló dáhùn. Mo gbé e lọ síbi ìkòkò omi. Bí omi àkọ́kọ́ ti kan tàdáwà tó ti dì mọ́ pátákó, ẹnì kan kígbe láti ìdí ààrò pé, “Sàádù ń fọ wàláà!” Ìyá mi ju síbí sílẹ̀. Ó gbé igbá sáré bọ̀, ó ń jó bọ̀, ó ń kígbe Àlhàmúdù lílàhì, mọ́sà ń jóná lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo ìyàwó ilé tú jáde. Wọ́n ti ń pe Fúlàní tó ń kiri wàrà. Ìyá Ìsíákà, ẹni rere ni, ó ní, “Ọmọ wa, kà á ká gbọ́, ká lè dúpẹ́.” Mo dúró níbẹ̀, omi dúdú ń kán láti ọwọ́ mi. Mo ka ìbẹ̀rẹ̀. Mo ka díẹ̀ sí i. Ó tán. Ìyá mi wo inú igbá hàntú tó gbé dání, ó wo mí, ojú rẹ̀ sì yí padà lọ́nà tí mi ò lè gbàgbé. Ẹ̀kọ́ tí a fi gbogbo ọyẹ́ kọ́ ti di omi, kò sì sí lórí, kò sì sí lójú wàláà.

“Ẹ̀gbọ́n,” bàbá mi wí láti ẹnu ọ̀nà, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, “ẹ ń fi ọmọ mi ṣeré.”

“Ẹ má sọ̀rọ̀,” Bàbá Àáfà ní. Ó ti fi ọwọ́ tọ ògiri dé ọ̀dọ̀ wa. “Ẹnikẹ́ni má sọ fún un. Ẹ jẹ́ kí ó wá a.”

Mo dijú. Òkùnkùn ni mo kọ́kọ́ rí. Mo tún sọ èyí tí mo sọ kẹ́yìn. Mo gbọ́ bí omi ti ń kán. Lẹ́yìn náà, n kò mọ ibi tó ti wá, ọ̀rọ̀ kan gbé orí sókè nínú òkùnkùn náà, bí ẹja ti í gbé ẹnu sókè nínú omi. Mo gbá a mú. Mo sọ ọ́ jáde. Òmíràn wà lẹ́yìn rẹ̀! Ó di ìru rẹ̀ mú! Mo pariwo rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀kọ́ ọ̀hún, ẹ má ṣì mí gbọ́, díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kò sí ohùn ẹlòmíràn lábẹ́ rẹ̀. Èmi ni mo lọ mú un wá. Mo ń fò sókè pẹ̀lú wàláà lọ́wọ́, omi ń ta sí gbogbo wọn láṣọ, Bàbá Àáfà náà sì ń pàtẹ́wọ́, ó ń wí pé, “Ẹ gbọ́! Ẹ gbọ́ bó ṣe wá a rí!” Ìyá mi kò mọ̀ bóyá kí òun sunkún tàbí kí òun jó. Ó ra wàrà náà ṣá.

Láti ọjọ́ náà lọ, a kò tún fi wàláà mi sílẹ̀ kí tàdáwà di òkúta lórí rẹ̀. Bàbá Àáfà á kọ díẹ̀, èmi á wò ó fún ìgbà díẹ̀, á ní kí n fọ̀ ọ́, kí èmi fúnra mi sì tún un kọ láti inú orí. Mo ń ṣì í kọ. Á gbé wàláà sún mọ́ imú, á ní, “Àṣìṣe yìí dára púpọ̀. Mo mọ ibi tí ọ̀nà rẹ ti já báyìí.” Ta ló ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àáfà rí? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí níbi gbogbo. Bí mo bá ń fa omi, á ju ọ̀rọ̀ kan sí mi láti àárín súrà: “Kí ló kàn?” Bí mo bá ń mú un lọ sí Ìpàta, láàárín àwọn alágbàdo àti àwọn tó ń jiyàn lórí owó ata, á fọwọ́ tẹ èjìká mi: “Kí ló wà ṣáájú rẹ̀?” Nígbà mìíràn, á fi ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀, kò ní mẹ́nu kàn án títí mo fi rò pé ó ti gbàgbé. “Mo ń jẹ́ kí koríko hù díẹ̀,” á ní. “Bí koríko kò bá tíì hù, kí lo fẹ́ là?” Bí ó bá wá padà sí i, á ṣòro, orí mi á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbóná, ṣùgbọ́n ní kété tí mo bá rí i, kò tún ń lọ mọ́.

Ó ń wò wá bí ọdẹ ti ń wo ipasẹ̀. Ó kíyè sí i pé bí òun bá mú kòbókò dání, ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀ lánàá á sá. Ó gbé kòbókò náà fún ẹni tó ń da ewúrẹ́ wa, ó ní ewúrẹ́ ló yẹ. Ó kíyè sí i pé ohun tí mo bá kà lẹ́ẹ̀kan kí n tó sùn máa ń le dáadáa lówùúrọ̀. “Ta ló ń kà á fún ọ lójú oorun?” ló bi mí, kì í ṣe àwàdà, ó fẹ́ mọ̀ ni. Ó ní kí Ìsíákà máa ké tirẹ̀ bíi ti àtijọ́, kí òun lè mọ èyí tó dára jù nínú méjèèjì. Kò pẹ́ tí Ìsíákà fi wá bá mi lẹ́yìn ilé. “Sàádù, jọ̀ọ́, bi èmi náà.” “Ṣé o kò ní pè mí ní ọkọ wàláà mọ́?” “Mo ti tú ìgbéyàwó náà ká. Bi mí!” Mo bi í. Ó ṣubú, ó dìde. A ń bi ara wa lórí igi máńgòrò títí wọ́n fi pè wá jẹun. Ìdùnnú wa pọ̀ ju ti eré ayò lọ.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí irùngbọ̀n ti kún mi lẹ́rẹ̀kẹ́, tí mo ti fẹ́yàwó, ni mo tó wọ ilé ìwé àwọn òyìnbó, tí mo sì dé ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́. Ní ọjọ́ kan, ọ̀gá wa ya ọpọlọ ènìyàn sójú pátákó. Ó dà bí àwùsá tí a bó tán. Ó ní àwọn fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀, ó ní bí ènìyàn bá ń wá ohun kan nínú iyè rẹ̀, tó sì rí i, ọ̀nà tó gbà kọjá a máa le sí i. Ó ní kíka nǹkan láìmọye ìgbà lójú ìwé kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú bíbi ara ẹni léèrè. Ó ní ìbẹ̀rù a máa dí ọ̀nà, oorun a sì máa tún un ṣe. N kò mọ ìgbà tí mo dìde. “Ẹsẹ̀ ní í la ọ̀nà!” mo kígbe. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, àwọn ọmọ tí mo fi ọjọ́ orí jù lọ. “Bàbá Sàádù, ẹ jókòó, ọ̀nà kò sí níbí, ọpọlọ ni!” Ọ̀gá ní kí n ṣàlàyé. Mo sọ gbogbo rẹ̀, wàláà, ìkòkò omi, koríko. N kò sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Nígbà tí mo délé, mo sọ fún ìyàwó mi. Ó ní, “Mo mọ̀. Ẹ ti sọ ọ́ fún mi ní ọjọ́ tí ẹ wá tọrọ mi.”

Ṣùgbọ́n ní ọdún tí mo ń sọ yìí, ìkórè dé. A gbọ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kí a tó rí i. Bàbá Malété sọ iṣu kalẹ̀, ó mu fùrá, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó tẹ apá mi wò bí ẹni ń ra àgbò. “Egungun rẹ̀ dára,” ló wí. Bàbá mi ní kí n wá síwájú. Agbo ilé pé. Ìyá mi dúró lẹ́yìn òpó, mo ń rí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan. Ìsíákà yọ́ sọ fún mi létí pé, “Rọra bẹ̀rẹ̀ látòkè.” Ṣùgbọ́n bàbá mi kò ní kí n bẹ̀rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló la ẹnu, tó sì ń ka Tàbárákà. N kò gbọ́ kéwú lẹ́nu rẹ̀ rí ju ti ìrun lọ. Kì í ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, àárín ló ti mú un; ohùn rẹ̀ rọra ń lọ, bí ẹni tó ń rìn nínú yàrá tó ti pẹ́ tó ti wọ̀ gbẹ̀yìn. Lójijì, ó dúró. Kò ní òmíràn mọ́. Ó wò mí.

Ojú Ìsíákà ti rẹ̀wẹ̀sì. Ṣùgbọ́n ibi tí bàbá mi dúró sí, mo ti fa omi níbẹ̀, mo ti jẹ mọ́sà níbẹ̀, mo ti mú Bàbá Àáfà kọjá níbẹ̀ lọ sí ọjà. Mo gbà á lẹ́nu rẹ̀. Mo kà á lọ títí dé òpin, mo padà sí ìbẹ̀rẹ̀, mo tún ń bọ̀, mo sì ń gbọ́ ohùn ara mi nìkan nínú agbo ilé náà, kò mì, títí mo fi dé ibi tí bàbá mi ti bẹ̀rẹ̀. Mo dúró. Ìyá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn òpó.

“Ó dára,” Bàbá Malété wí, ó ń nu ẹnu. “Ṣùgbọ́n iṣu kò gbọ́ èyí o.”

Ẹ̀rín sọ. Ọmọ mìíràn tó ti ń bẹ̀bẹ̀ láti ọdún tó kọjá pé òun fẹ́ràn oko ló bá a lọ, ó gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ó ń juwọ́ sí wa. Bàbá mi kò yìn mí. Bí àwọn ènìyàn ti tú ká, ó ṣáà wí pé, “Ibẹ̀ ni mo dé nígbà tí wọ́n mú mi kúrò nídìí wàláà, kí n lọ máa ru káún.” Ó wọlé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí Ìyá Àgbà ti kí gbogbo wa tán, a jókòó ní ìloro. Bàbá mi wọlé wá. Ó bọ́ bàtà. Ó jókòó sórí ẹní láàárín àwa ọmọdé, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀, ó sì gbé wàláà mi lé itan. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó dìde, ó lọ síbi ìkòkò omi, ó fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, ó padà wá. “Sàádù,” ló wí, “bi mí.”

Mo bi bàbá mi. Ó kà á, ó dé ibi tí ó máa ń dé, ó dúró. Òógùn yọ níwájú orí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti wà ní orí ahọ́n mi, mo sì fẹ́ràn bàbá mi, mo ti fẹ́ sọ ọ́. Bàbá Àáfà, tí kò rí ojú mi mọ́ lásìkò náà, gbé ọwọ́ sókè.

“Má sọ fún un,” ló wí. “Jẹ́ kí ó wá a.”

Ìgbálẹ̀ ìyá mi dákẹ́ lóde. Bàbá mi dijú, ọkùnrin ọlọ́rọ̀ díẹ̀ náà, ètè rẹ̀ ń wá ọ̀nà. Mo rí i nígbà tó rí ọ̀rọ̀ náà. Kí ohùn rẹ̀ tó jáde, mo ti rí i lójú rẹ̀.